Bírò Pupa Bàbá Ikúbọlájẹ́

Bí ẹ bá dé Àgbòwó tí ẹ ní ẹ ń wá ibi tí wọ́n ti ń tẹ lẹ́tà, ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ni wọ́n máa júwe fún yín kí wọ́n tó dárúkọ tèmi. Kì í ṣe pé èmi Kòfowórọlá ò mọ iṣẹ́ o. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti wà nídìí kọ̀ǹpútà. Mo lè máa tẹ lẹ́tà kí n sì máa bá oníbàárà jà lẹ́ẹ̀kan náà. Wàhálà mi ni bàbá kan tí wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, lórí bẹ́ǹṣì mi, lábẹ́ fáànù mi, tí wọ́n ń fi bírò pupa lé oníbàárà mi lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Ikúbọlájẹ́ lorúkọ wọn. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni wọ́n. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó wọn ti ṣaláìsí, àwọn nìkan ni wọ́n sì ń dá gbé yàrá kan àti pálọ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, wọ́n mú lẹ́tà kan wá kí n bá wọn tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ jókòó díẹ̀ kí àwọn yẹ̀ ẹ́ wò. Wọn ò tíì dìde títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ máa ní kí ló dé tí mi ò lé wọn. Ṣé bàbá tó tó bàbá tó bí mi ni kí n máa lé? Tí mo bá ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi oníbàárà mi sílẹ̀," wọn á ní, "Kòfo, Gẹ̀ẹ́sì burúkú kò gbọdọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ jáde." Ta ló bi wọ́n? Ìwé tí mo bá tẹ̀ fún ẹni tó ni ín, ṣé èmi ni mo kọ ọ́? Ṣùgbọ́n ìwé kankan ò lè kọjá níwájú wọn kí bírò pupa yẹn má jáde látinú àpò àyà wọn. Ìwé tiwọn gan-an, wọn kì í fọwọ́ sí i láìkọ́kọ́ fi bírò pupa gòkè sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀. Mo ti fojú mi rí i tí wọ́n ń máàkì ìwé tí wọ́n kọ nǹkan tí wọ́n fẹ́ rà lọ́jà sí. Wọ́n fún ara wọn ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá.

Ohun tí mo fẹ́ ròyìn yìí bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Ọmọ yunifásítì kan, Olúwajùwọ́nlọ, sáré wọlé pẹ̀lú lẹ́tà tó fẹ́ fi wáṣẹ́. Ó ní kó tó di aago méjìlá, lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ ti dé ọ́fíìsì kan ní Onírèké. Mo tẹ̀ ẹ́ kíákíá, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo ní kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ yìí ò gbọ́n, ó kà á sókè. Ó kà á dé ìparí: "I am looking forward to hear from you."

"Hearing!"

Ohùn Bàbá dún bíi ti ìgbà tí ọmọ bá sùn ní kíláàsì.

"Sà?"

"Look forward to hearing. Lẹ́yìn 'look forward to', nǹkan tí o ń retí ló ń tẹ̀lé e. I look forward to your letter. I look forward to seeing you. I look forward to hearing from you. Kò sí 'to hear', kò sí 'to see', kò sí 'to meet'. Mú ìwé yẹn wá."

"Bàbá, abeg, everybody dey write am like that."

"Gbogbo wọn ló fìdí rẹmi. Wọn ò tíì rí èsì wọn ni."

Mo ti ń sọ fún ọmọ náà pé kó fi sílẹ̀, pé màá tún un tẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, àmọ́ Bàbá ti gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ń ṣàlàyé. Wọ́n ṣàlàyé títí tí wọ́n fi dé orí ohun tí wọ́n ń pè ní gerund. Ọmọ náà wo aago, ó wo èmi, ó já ìwé rẹ̀ gbà, ó di ṣọ́ọ̀bù kejì.

"Bàbá! Ẹ tún ti lé oníbàárà mi lọ!"

"Èmi kọ́ ni mo lé e. Òun ló sá fún ẹ̀kọ́."

Orí mi gbóná. Mo dìde pé lónìí, bẹ́ǹṣì yìí, mò ń gbé e wọlé, kí oníkálukú máa lọ sílé ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ̀dà lẹ́tà kan tó bàjẹ́ ti já bọ́ sílẹ̀ látara ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, wọ́n mú un, wọ́n gbé e súnmọ́ imú, wọ́n sì ń fi bírò pupa yí nǹkan po. Mo wò ó. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbi tí wọ́n ń yí po. Ibi funfun ni.

"Bàbá, kí lẹ ń yí po yẹn?"

Wọ́n dé bírò náà, wọ́n fi sápò. Wọ́n ní, "Kòfo, ojú òsì ti lọ pátápátá. Ọ̀tún ló kù, òun náà ń ṣú."

Ẹ̀rù bà mí, inú sì bí mi pọ̀ mọ́ ọn. Ọjọ́ wo ni wọ́n ti ń jókòó síwájú mi pẹ̀lú èyí nínú, tó jẹ́ pé "to" àti "ing" ni wọ́n ń bá mi sọ? Mo bi wọ́n títí kí wọ́n tó tú ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ilé ìwòsàn ti fún wọn ní Ọjọ́bọ̀ láti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí wọ́n mú ọmọ tàbí ìbátan wọn wá, ẹni tó máa fọwọ́ sí ìwé, tó sì máa dúró tì wọ́n. Bí wọn ò bá rí ẹni mú wá, ẹlòmíràn ni wọ́n máa fi sí àyè wọn, ó di oṣù márùn-ún. Dókítà sì ti sọ pé ojú ọ̀tún yẹn kò lè dúró di oṣù márùn-ún.

"Èmi á tẹ̀ lé yín lọ. Ẹ sọ pé ọmọ yín ni mí."

"Mi ò lè purọ́ sínú fọ́ọ̀mù."

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ bàbá yìí! "Ṣé ẹ ò wá ní ẹnì kankan ni, Bàbá?"

"Mo ní ọmọ kan. Fúnlọ́lá."

Ọkàn mi lọ sí Kánádà. Àwọn bàbá tó ń dá gbé ní Àgbòwó yìí, ibẹ̀ ni ọmọ wọn máa ń wà. Mo ní, "Níbo ló wà?"

"Àpáta."

Mo la ẹnu, mi ò lè pa á dé. Àpáta! Àpáta tí ń bẹ nílùú Ìbàdàn níbí! Kí èèyàn wọ máíkírà dé Dùgbẹ̀, kó tún wọ òmíràn, ó parí! "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò lọ bá a?"

"Ọdún mẹ́sàn-án la ti rí ara wa kẹ́yìn. Ó bínú sí mi nítorí lẹ́tà kan. Lẹ́tà ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́, lẹ́tà náà ni màá fi bá a sọ̀rọ̀. Jókòó kí o tẹ̀ ẹ́."

Mo jókòó. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Wọ́n ń pè é, mo ń tẹ̀ ẹ́. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìlà márùn-ún lọ, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án la tún un tẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé iṣẹ́ abẹ kékeré kan wà ní Ọjọ́bọ̀, "a minor procedure." Wọ́n ní kí n kọ "Your presence would be appreciated." Ní ìparí, kí n kọ "I look forward to seeing you." Ọwọ́ mi ti mọ́ èyí tí gbogbo ayé ń kọ, mo tẹ "to see." Mo kà á fún wọn. Yéè! Odindi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí "see" kan. Mo tún un ṣe.

Mo ní, "Bàbá, 'má bínú' ńkọ́? Mi ò rí i níbí."

"Ó wà níbẹ̀."

"Níbo?"

"Ó wà nínú 'appreciated'."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, NẸ́PÀ mú iná lọ. Mo tan jẹnẹrétọ̀, mo tún kọ̀ǹpútà ṣí, mo sáré tẹ lẹ́tà náà jáde nítorí pé oníbàárà méjì ti ń pariwo lórí mi. Bàbá gbé e súnmọ́ imú. Wọ́n ní, "Ó dára," wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ó yẹ kó ti yà mí lẹ́nu. Ọdún mẹ́fà, mi ò gbọ́ "ó dára" lẹ́nu wọn rí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti sú mi dé góńgó, mo ká lẹ́tà náà, mo fi sínú báàgì.

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo ti ṣọ́ọ̀bù mi pa, èmi tí mi ò tì í pa nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ ní Àgbòwó. Sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ mú wa ní Mọ́kọ́lá, ti Dùgbẹ̀ tún le jù ú lọ. Oòrùn ń ta mí lórí, mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Kí ló kàn mí? Ṣé èmi ni mo bí Fúnlọ́lá ni? Ṣé èmi ni mo bí bàbá ẹ̀?

Iṣẹ́ télọ̀ ni Fúnlọ́lá ń ṣe, yàrá iwájú ilé ọkọ rẹ̀ ló sì ti ń rán aṣọ. Ó jọ Bàbá títí dé bó ṣe ń fajú ro. Mo kí i, mo ní mo mú lẹ́tà wá láti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀. Kò fún mi ní àga. Ó gba lẹ́tà, ó nà án, ó kà á bí ẹni tó fẹ́ fà á ya sí méjì. Ó dé ìdajì, ojú rẹ̀ yí padà.

"Àǹtí, ta ló tẹ lẹ́tà yìí?"

"Èmi ni."

"Ṣé bàbá mi kà á kí wọ́n tó fọwọ́ sí i?"

"Wọ́n kà á. Ojú mi báyìí ni."

"Wọn ò kà á." Ó yí ìwé náà sí mi. "Ẹ wo ibí."

Mo wò ó. "I look forward to see you." Èyí tí a ò tíì tún ṣe ni mo tẹ̀ jáde nígbà tí iná lọ. Gbogbo làálàá tí a ṣe lórí "see" yẹn, òun náà ló tún rin ìrìn-àjò wá sí Àpáta.

Mo ní, "Ẹ̀bi mi ni, ẹ má bínú, èmi ni mo..."

"Ẹ̀bi tiyín kọ́ ni mò ń sọ. Bàbá mi ò lè fọwọ́ sí èyí láyé. Ẹ tún wo ibi tí wọ́n fọwọ́ sí." Wọ́n ti fọwọ́ sí i gba orí "Thursday," òkè níbẹ̀ yẹn, wọ́n fi àyè tó wà nísàlẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. "Kò sì sí bírò pupa níbẹ̀. Láti kékeré mi, mi ò rí ìwé kan rí tó ti ọwọ́ bàbá mi jáde tí kò sí bírò pupa lára ẹ̀." Ó gbójú sókè wò mí. "Minor procedure wo? Ojú wọn ti lọ, àbí?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ojú òsì, ojú ọ̀tún, Ọjọ́bọ̀, oṣù márùn-ún, fọ́ọ̀mù. Mo rò pé báàgì ló máa gbé, kí àwa méjèèjì jọ jáde. Ó wọlé, ó pẹ́, ó sì mú ìwé àtijọ́ kan jáde, ó tẹ́ ẹ síwájú mi lórí tábìlì tí ó fi ń gé aṣọ. Lẹ́tà ni. Ọwọ́ Fúnlọ́lá ló fi kọ ọ́, bírò pupa sì ti kún inú rẹ̀ bámú.

"Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé tí à ń gbé inú ẹ̀," ó ní, "gbogbo lẹ́tà tí mo bá kọ sí wọn, wọ́n á máàkì ẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ padà. Èmi náà á tún un kọ, màá fi ránṣẹ́ sí wọn. Inú mi máa ń dùn. Tí mo bá gba mẹ́jọ, gbogbo yàrá ló máa gbọ́. Mo wá dàgbà, mo fẹ́ Sùrájù. Nígbà tí mo bí ọmọ mi, mo kọ lẹ́tà yìí pé kí wọ́n wá síbi ìkómọ, kí wọ́n sì mú orúkọ wá fún un. Àbúrò ọkọ mi ni mo fi rán. Ní ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n máàkì ẹ̀, tí wọ́n fi rán àbúrò ọkọ mi náà padà sí mi, lójú gbogbo àna mi. Wọ́n ń bi mí pé ṣé bàbá mi ò fẹ́ àwọn lánàá ni. Ẹ ka ìparí ẹ̀."

Mo kà á. "We are looking forward to hear the name you will give her, sir." Wọ́n ti yí "hear" po. Wọ́n kọ "hearing!" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nísàlẹ̀, mẹ́fà nínú mẹ́wàá, "Rewrite."

"Wọn ò wá," Fúnlọ́lá ní. "Wọn ò mú orúkọ wá. Mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni wọ́n sọ ọmọ mi."

Ó wá fa bírò pupa kan yọ láàárín àwọn ṣọ́ọ̀kì tó fi ń fa ìlà sórí aṣọ, ó yí "see" po lórí lẹ́tà bàbá rẹ̀, ó kọ nǹkan sísàlẹ̀, ó nà án sí mi. Márùn-ún nínú mẹ́wàá. Ẹ tún un kọ.

"Àǹtí! Ọ̀túnla ni iṣẹ́ abẹ yẹn! Ojú èèyàn là ń sọ, ẹ̀ ń fúnni ní máàkì!"

"Mo mọ̀," ó ní. Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. "Ẹ fún wọn. Wọ́n mọ ohun tó kàn."

Bàbá àti ọmọ, ìkan náà ni wọ́n. Mo bú àwọn méjèèjì láti Àpáta dé Àgbòwó.

Orí bẹ́ǹṣì ni mo bá Bàbá. Wọn ò rí ohun tó wà nínú ìwé náà kà, èmi ni mo kà á fún wọn, pẹ̀lú "to see" tí èmi fúnra mi tẹ̀. Mo ń retí pé kí wọ́n bú mi. Wọn ò bú mi. Wọ́n ní, "Márùn-ún? Èmi ì bá fún un ní mẹ́rin."

Ibẹ̀ ni mo ti gbaná jẹ. "Bàbá, mo rí lẹ́tà ìkómọ yẹn. Mo kà á. Ọmọ yín bí ọmọ, ó ní kí ẹ mú orúkọ wá, ẹ fún un ní mẹ́fà! Kí ló dé tí ẹ ò lọ?"

"Mò ń dúró dè é ni."

"Ẹ ń dúró de kí ni?"

"Kó tún un kọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń ṣe. Mo máa máàkì ẹ̀, ó máa tún un kọ, ó máa fi ránṣẹ́ padà." Wọ́n ń fi ọwọ́ ra orí orúnkún wọn. "Ní ọjọ́ ìkómọ náà, mo ti wẹ̀, mo ti wọ aṣọ mi láti àárọ̀. Mo ti kọ orúkọ náà sínú ìwé, ó wà nínú àpò mi. Mo jókòó, mò ń retí ọmọ tó mú lẹ́tà wá pé kó mú èyí tó ti tún kọ dé. Mo jókòó títí oòrùn fi wọ̀."

Ọdún mẹ́sàn-án! Mi ò mọ̀ bóyá kí n dì mọ́ bàbá náà ni, àbí kí n da omi lé wọn lórí. Mo ní, "Bàbá, lójú tiyín, ẹ̀ ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Lójú tiẹ̀, ẹ kọ ọmọ ọmọ yín sílẹ̀." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo sọ ọ̀rọ̀ kan tí wọn ò rí ibi tún ṣe.

Ní Ọjọ́rú, mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo bá wọn níbẹ̀ pẹ̀lú bébà lórí itan. Mo ní ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní rárá, ẹni tí wọ́n bá ní kó tún ìwé kọ, òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Wọ́n ń kọ, wọ́n ń rún un, wọ́n ń jù ú sílẹ̀. Bébà ti fẹ́ẹ̀ kún ẹsẹ̀ wọn. Oníbàárà ń rìn lórí rẹ̀. Aago mẹ́sàn-án, mẹ́wàá, mọ́kànlá. Mo ń wo aago, mo ń gbin. Lọ́la ni Ọjọ́bọ̀, bàbá yìí ń kọ ìwé! Nígbà tí ó di aago kan ọ̀sán, wọ́n ká bébà kan sí mẹ́rin, wọ́n dìde.

"Kòfo, mú mi lọ."

Mo tún ti ṣọ́ọ̀bù mi pa. Mo fà wọ́n lọ́wọ́ wọ ọkọ̀. Ní Dùgbẹ̀, wọ́n ní kí n ka àwọn ohun tí wọ́n kọ sára pátákó àwọn ọlọ́jà fún àwọn. Mo ní àwọn pátákó Dùgbẹ̀ ò bi wọ́n ní ìbéèrè kankan o. Ọwọ́ wọn tutù nínú ọwọ́ mi.

Ọmọbìnrin kan tó ṣì wọ aṣọ ilé ìwé ló ṣí géètì fún wa. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, sà. Ẹ káàsán, mà. Ta lẹ̀ ń wá?"

Bàbá tẹ orí sílẹ̀ síbi tí ohùn náà ti wá. "Kí lorúkọ rẹ?"

"Kaosarah, sà."

Ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń dún nínú ilé dákẹ́, Fúnlọ́lá sì jáde. Ó dúró. Bàbá àti ọmọ, ọdún mẹ́sàn-án, kò sí ẹni tó kí ẹnì kejì. Bàbá na bébà náà síwájú, sí apá ibi tí kò sí èèyàn. Mo tún ọwọ́ wọn ṣe. Fúnlọ́lá gbà á, ó tú u.

Mo yọjú. Ẹ má dá mi lẹ́jọ́, ṣọ́ọ̀bù tí mo ti pa lẹ́ẹ̀mejì tó kí n fi yọjú. Àwọn ìlà náà ń yọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ bébà, ọ̀rọ̀ kan gun òmíràn lórí. Yorùbá ni.

"Fúnlọ́lá ọmọ mi, má bínú. Èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́. Mi ò mọ̀ pé o ò ní tún un kọ. Orúkọ tí mo kọ sílẹ̀ nígbà náà ni Olúwafikúnayọ̀mi. Ó ti pẹ́ lápò mi. Òun ni mo mú wá yìí. Ojú mi ti fẹ́ lọ tán, ẹ̀rù ń bà mí."

Fúnlọ́lá kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Èmi náà ti ń sunkún níbẹ̀, níwájú ilé onílé, inú sì ń bí mi sí ara mi, nítorí pé mo ti búra nínú ọkọ̀ pé mi ò ní sunkún.

"Aago mélòó ni wọ́n ní ká dé ibẹ̀ lọ́la?" ó ní.

"Aago méje," Bàbá ní.

"Ẹ máa sùn síbí." Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Kaosarah, lọ gbé àga wá fún bàbá àgbà rẹ. Wọ́n ti mú orúkọ rẹ dé."

"Orúkọ mi? Mo ti ní orúkọ, Mọ́mì."

"O ṣì ní ìkan tó kù."

Nígbà tí Bàbá jókòó tán, wọ́n pe orúkọ náà fún un. Olúwafikúnayọ̀mi. Ọmọ náà pè é, ó ní ó gùn o, báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́? Ó sáré mú ìwé rẹ̀ jáde nínú báàgì ilé ìwé. Mo ní nínú mi pé yéè, ó ti dé. Fúnlọ́lá náà wò mí. Àwa méjèèjì mọ ohun tó ń bọ̀.

Kaosarah tẹ̀ mọ́ ìwé, ó kọ ọ́, ó parẹ́, ó tún un kọ. Mo yọjú. Ó ti fo lẹ́tà méjì láàárín, kò sì fi àmì kan ṣoṣo sí i. Ó gbé e síwájú bàbá àgbà rẹ̀.

"Ṣé mo gbà á, sà?"

Bàbá gba ìwé náà, wọ́n gbé e súnmọ́ imú. Ọwọ́ wọn gòkè lọ sí àpò àyà, síbi tí bírò pupa wà. Ó dúró níbẹ̀ díẹ̀. Wọ́n wá gbé ọwọ́ náà kúrò, wọ́n gbé e lé orí ọmọ náà.

"O gbà á," wọ́n ní.